Upham lórí àtẹ̀gùn: ọrùn ta ni ikú Mellish wà?

Sójà kan jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé kan tí bọ́ǹbù ti fọ́ ní ilẹ̀ Faransé, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́líìtì ọta so kọ́ ọ lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó. Lókè, nínú yàrá tí kò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ sí ibi tó wà, ẹnì kan nínú ikọ̀ rẹ̀ àti sójà Jámánì kan dìmú, wọ́n ń yí nílẹ̀, ó ń kígbe. Ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń sunkún, kò gòkè. Nígbà tó yá, igbe náà dákẹ́. Sójà Jámánì náà jáde, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ó wò ó lójú, ó sì kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lára àpò gàrí.

Ikú Mellish nìyẹn, nínú fíìmù Saving Private Ryan tí Steven Spielberg gbé jáde ní 1998. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àríyànjiyàn tó tìdí ẹ̀ yọ nílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Kubwa, lálẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kìíní. Ọjọ́ yẹn ni Nàìjíríà máa ń rántí àwọn ológun tó ti kú, torí pé ọjọ́ náà ní 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Láàárọ̀, wọ́n ti gbé òdòdó sílẹ̀ ní National Arcade níhìn-ín l'Abuja, wọ́n ti tú ẹyẹlé funfun, a sì ti wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó dalẹ́, ọ̀rẹ́ mi ní ẹ jẹ́ ká wo fíìmù ogun. Lọ́yà ni ọ̀rẹ́ mi yìí. Bí ẹran bá jóná nínú ìkòkò, yóò béèrè ẹni tó dáná, ẹni tó ra èédú, àti ẹni tó yẹ kó wà ní ilé ìdáná lásìkò náà.

Àwọn tó kù ní pálọ̀ ni Ìyá Ìbejì ìyàwó rẹ̀, ọmọ kọ́pà kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wọn, èmi, àti Bàbá Sójà tí ilé wọn kọjú sí ilé ọ̀rẹ́ mi. Bàbá yìí fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun. Wọ́n ti gbé Kaduna, wọ́n ti gbé Jos, wọ́n ti gbé Maiduguri kí wọ́n tó wá jókòó sí Kubwa, Haúsá sì ti wọ inú Yorùbá wọn bí iyọ̀ ṣe ń wọ ọbẹ̀. Fún wákàtí méjì àkọ́kọ́, wọn ò sọ ju "haba" lọ.

Fún ẹni tí kò wo fíìmù náà: ogun Hitler ni, oṣù Kẹfà 1944, àwọn Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí etí òkun Normandy. Ọmọ ìyá mẹ́rin ló wọṣẹ́ ológun nílé Ryan, mẹ́ta ti kú. Àwọn ọ̀gá pátápátá ní kí wọ́n lọ wá ìkẹrin, kí wọ́n dá a padà fún ìyá rẹ̀. Kápítéènì Miller kó ikọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ènìyàn mẹ́jọ láti wá ẹnì kan. (Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ìdílé Niland. Fritz ni orúkọ èyí tí wọ́n dá padà sílé. Àlùfáà àwọn ológun ló lọ wá a, kò sí ikọ̀ oníbọn kankan níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n rò pé ó ti kú sì padà jáde láàyè láti àgọ́ òǹdè àwọn ará Japan.)

Upham kì í ṣe ara ikọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ máàpù àti ìtumọ̀ èdè ló ń ṣe. Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Jámánì. Àwọn ògbufọ̀ Miller ti kú ni Miller fi wá mú un. Ó sọ fún Miller pé òun ò yìnbọn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ òun níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tilẹ̀ fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ dání lọ sójú ogun. Pẹ́ńsù ni Miller na sí i. Ní ọ̀nà, ikọ̀ náà kọlu ibi tí àwọn ọ̀tá gbé ìbọn arọ̀jò-ọta sí. Upham ni wọ́n ní kó dúró ti ẹrù. Wade tó ń tọ́jú àwọn tó bá fara gbọgbẹ́ kú níbẹ̀, wọ́n sì mú Jámánì kan láàyè. Àwọn yòókù fẹ́ pa á. Upham ní rárá, kò bófin mu, òǹdè ni. Miller dì í lójú, ó ní kó máa lọ, kó fi ara rẹ̀ lé àwọn Amẹ́ríkà tó bá kọ́kọ́ bá pàdé lọ́wọ́.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ já sí ni Ramelle, ìlú tí wọ́n fi orí ara wọn dá fún fíìmù náà. Wọ́n rí Ryan, Ryan ní òun ò ní fi afárá tí wọ́n ní kí òun ṣọ́ sílẹ̀, Miller bá dúró tì í. Wọ́n gbé Mellish àti sójà kan tó ń jẹ́ Henderson sókè pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta. Wọ́n ní kí Upham máa gbé ọta kiri.

Bí Mellish ṣe kú báyìí ni kọ́pà fò dìde lórí àga. Ó ní, "Ẹ ò rí i, sà? Ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ níjọ́sí yẹn náà ló pa á! Àánú Upham ló pa Mellish." Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ti mọ̀, òun ti sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Èmi náà mi orí. Ẹjọ́ ti parí, a ti rí ọ̀daràn, a ti rí ìdí.

Ọ̀rẹ́ mi gba rìmóòtù. Ó dá fíìmù sẹ́yìn, ó dá a dúró lójú ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Ó sáré e síwájú, ó dá a dúró lójú ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ojú ọ̀tọ̀ ni. Àmì SS, ẹgbẹ́ ológun àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler, wà lọ́rùn ẹ̀wù ti orí àtẹ̀gùn, kò sí lọ́rùn ti èkejì. Òṣèré méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ padà wá lóòótọ́, òun ló sì yìnbọn fún Miller lórí afárá lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò sí nítòsí ilé tí Mellish kú sí. Kọ́pà ní orí wọn jọra. Ó ní kí wọ́n tún dá a padà. Wọ́n tún dá a padà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti wo fíìmù yìí ló ń ṣe àṣìṣe kan náà, mo sì rò pé mo mọ ìdí. Bó bá jẹ́ ẹnì kan náà ni, ẹ̀bi á rọrùn láti dì: Upham ṣàánú ọ̀tá, ọ̀tá padà wá pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, Upham jókòó ó ń gbọ́. Okùn kan ṣoṣo, a fà á láti orí dé ìdí. Nígbà tí okùn náà já lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú kò dùn sí ẹnikẹ́ni ní pálọ̀. Ìyá Ìbejì ní, "Ó dáa, kì í ṣe òun. Upham ló ṣì pa á." Ó yẹ kí a ti gbé àánú tó ṣe kúrò nínú ẹjọ́ Mellish nígbà náà, ṣùgbọ́n ìbínú tí àánú náà ti dá sílẹ̀ kò tẹ̀ lé e lọ. Ó dúró nínú ẹjọ́ náà, ó kàn wá ibòmíràn jókòó ni.

Mo ní láti sọ èyí tó burú nínú ọ̀ràn Upham, kí ẹnikẹ́ni má rò pé agbẹjọ́rò rẹ̀ ni mí. Ọta tó wà lọ́rùn rẹ̀, ti ìbọn Mellish ni. Mellish pe orúkọ rẹ̀ títí. Ọta tán lókè, àwọn ọ̀tá gorí àtẹ̀gùn, wọ́n yìnbọn gba inú ògiri, Henderson fara gbà á lọ́rùn. Ó ku Mellish nìkan. Gbogbo àsìkò yìí, Upham wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n nílò. Nígbà tí ìjà wá di ti ọwọ́ sí ọwọ́, ó ti débi àtẹ̀gùn, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀tá kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá, ẹ̀yìn ọ̀tá náà sì ni ì bá kọ́kọ́ rí. Ìjà náà kò yá. Ọ̀bẹ tí Mellish fúnra rẹ̀ fà yọ ni ọkùnrin náà fi agbára yí padà sí i, tó ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Mellish ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ná. Ọmọ Júù ni Mellish, ẹni tó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ láyà sì wọ ẹ̀wù SS. Spielberg kò fi ìyẹn síbẹ̀ láìmọ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Bí ọ̀bẹ náà ṣe ń wọlé, Jámánì náà ń bá Mellish sọ̀rọ̀, ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Nínú èyí tí a wò, wọn kò kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀. Mellish ò gbọ́ èdè náà, àwa náà ò gbọ́ ọ. Nínú gbogbo ikọ̀ Miller, ẹnì kan péré ni wọ́n mú wá torí pé ó gbọ́ ọ, ẹni yẹn sì wà lórí àtẹ̀gùn. Ó pariwo sunkún, ó di etí mọ́ ìmọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ mú un wá.

Ọ̀rẹ́ mi wá gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Miller. Ó ní ta ló gbé ẹni tí kò jà rí sí ibi tí ẹ̀mí ènìyàn méjì so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Miller mọ̀. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu Upham, ó ti fi í sílẹ̀ ti ẹrù nígbà ìjà tí Wade kú sí, kò sì kọ́ ọ ní nǹkan kan láàárín. Èmi gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ìdajì. Miller kò ní ènìyàn. Ẹni tó bá ní ọwọ́ méjì ní Ramelle ní láti di nǹkan mú, gbígbé ọta sì dà bí iṣẹ́ tó rọrùn jù fún ẹni tí kò lè yìnbọn. Òun gan-an ló wá le jù, torí pé ẹni tó ń yìnbọn lè fara pamọ́ síbi kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ọta ní láti máa la àárín ọta kọjá. Bàbá Sójà ló sọ èyí, gbólóhùn gígùn àkọ́kọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu wọn.

Kọ́pà ní kí a lọ bá Ryan, kí a lọ bá Washington. A ò pẹ́ níbẹ̀. Ìyá tó ti sin ọmọ mẹ́ta kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, àwọn tó rán wọn kò sì sí lórí afárá. Ìtàn Ọ̀yọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀ sí irú ọ̀rọ̀ báyìí: bí ogun bá ṣẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kò gbọdọ̀ padà wálé láàyè. Orí ọ̀gá ni wọ́n ń gbé e kà, wọn kì í wá ọmọ tó ń ru ọfà. Mo sọ ọ́ ní pálọ̀, ọ̀rẹ́ mi sì ní òfin tó dára ni fún ẹni tí kì í ṣe Kakaǹfò.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ fi fíìmù sílẹ̀ tó wá sílé. Ọ̀rẹ́ mi ní bó bá jẹ́ níhìn-ín ni, wọn ì bá ti dá ẹjọ́ Upham kíá. Ní oṣù Kejìlá 2014, ilé-ẹjọ́ àwọn ológun jókòó l'Abuja yìí, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún sójà 54, pé wọ́n kọ̀ láti bá ọ̀gá wọn lọ gba Delwa àti àwọn ìlú mìíràn padà lọ́wọ́ Boko Haram ní ìpínlẹ̀ Borno. Ọ̀tẹ̀ ni ẹ̀sùn náà. Femi Falana ló gbẹjọ́ wọn rò, ohun tí wọ́n sì wí ni pé àwọn ò ní ohun ìjà tó tó. Ní ìparí 2015, wọ́n yí ìdájọ́ náà padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ọ̀rẹ́ mi ní kí a fi wé ogun Hitler: nínú gbogbo ogun náà, ẹnì kan ṣoṣo ni Amẹ́ríkà pa fún sísá kúrò lójú ìjà, Eddie Slovik, ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 1945.

Ìyá Ìbejì ní kò sí ìyàtọ̀, ojo ni gbogbo wọn, ẹni tó bá ti gba owó ìjọba ní láti jà. Bàbá Sójà gbé kọ́ọ̀pù wọn kalẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́. Ẹni tó ní òun ò lọ, ó ti ronú. Ó lè ronú dáadáa, ó lè ronú burúkú, kí adájọ́ bi í. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò ronú. Ẹ bi í di ọ̀la, kò ní rí èsì fún yín. Wallahi, kò mọ̀ ọ́n."

Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá, ẹ ti rí irú ẹ̀ rí?"

Wọ́n ní Láìbéríà ni, nígbà ECOMOG, ikọ̀ ológun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó jọ. Wọ́n ní ọ̀dọ́ ni àwọn nígbà náà, ọ̀nà kan ni, igbó wà lápá ọ̀tún. Ọ̀gá ní kí ẹnì kan gbé àpótí ọta dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níwájú. Kò jìnnà. Wọ́n fi ọwọ́ júwe rẹ̀ láti àga wọn dé ẹnu géètì. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n rán dé ìdajì ọ̀nà, ó sì dúró. Ìbọn kò bà á, ẹnikẹ́ni ò mú un. Ó kàn dúró ni, títí ọ̀gá fi wá fi ọwọ́ mú un lẹ́yìn ọrùn bí ẹni mú ọmọ ewúrẹ́, tó sì fà á padà. Ọ̀gá yẹn kò kọ ọ́ sínú ìwé. Nínú àwọn tó wà níwájú, ẹnì kan kò bọ̀. A dúró kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n rán. Wọ́n gbé kọ́ọ̀pù wọn, wọ́n mu tíì.

Lẹ́yìn ogun Hitler, ológun kan tó tún jẹ́ akọ̀tàn ogun, S.L.A. Marshall, sọ pé nínú sójà 100 tó wà lójú ìjà, kì í ju 25 lọ tó máa ń yìnbọn. Àwọn òpìtàn ti já iye yẹn ní koro, torí pé kò rí àkọsílẹ̀ gidi fi gbè é lẹ́sẹ̀. Mo mẹ́nu kàn án fún Bàbá Sójà. Wọ́n ní àwọn ò ka ẹnikẹ́ni nígbà yẹn.

Èrò tèmi nìyí. Yorùbá ní "ó jẹ̀bi", a sì ní "ojú tì í", wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ìtìjú orí àtẹ̀gùn, ti Upham ni, títí ayé, kò sì sí adájọ́ tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bi ikú Mellish kò gba gbogbo rẹ̀ sí i lọ́rùn. Ẹni tó di ọ̀bẹ mú ló pa Mellish, nínú ìjà tí Mellish náà ì bá ti pa á. Òfin ogun kò ní pe ìyẹn ní ìpànìyàn. Miller mú nínú rẹ̀, Upham mú nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n wọn ti Upham, n ó wọn ti àkókò tí ọta fi ń tán lókè wúwo ju ti orí àtẹ̀gùn lọ. Nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń rìn, ó ń sá láti ògiri kan dé òmíràn, ó ń yan ibi tí yóò sá sí. Nígbà tó fi dé àtẹ̀gùn, kò yan nǹkan kan mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí mo kọ sí orúkọ Upham pátápátá, pálọ̀ sì pàtẹ́wọ́ sí i. Nígbà tí ìjà parí, Upham yọ jáde, ó na ìbọn sí àwọn Jámánì mélòó kan, wọ́n na ọwọ́ sókè. Ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ níjọ́sí wà láàárín wọn. Ó dá a mọ̀, ó pe orúkọ rẹ̀, bí ẹni rí ará ilé. Upham yìnbọn pa á, ó ní kí àwọn yòókù máa lọ. Kọ́pà fò sókè. Ọ̀rẹ́ mi, lọ́yà, rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, n kò ní purọ́. Òfin tí Upham fúnra rẹ̀ kà fún Miller ní ọ̀nà ló rú yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n, ẹnikẹ́ni ò lé e. Ohun tí a fi dá a lẹ́bi lórí àtẹ̀gùn, ó ṣe é nígbà tí kò lè ṣe òmíràn. Ohun tó lè má ṣe, a fi yìn ín.

Ìyá Ìbejì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Òun tó ti ń pe ọkùnrin náà ní ojo láti wákàtí kan sẹ́yìn, ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. "Ó ti na ọwọ́ sókè ná," ó ní. "Ẹ ò rí i ni?"

Fíìmù parí. Kọ́pà lọ gbé ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ pa. Kó tó dé ìdí rẹ̀, Bàbá Sójà ní kí ọ̀rẹ́ mi bá àwọn dá a padà sí ibi àtẹ̀gùn, kó sì pa ohùn rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. A wo Upham níbẹ̀ láìsí igbe, láìsí ìbọn, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń padé.

"Ẹ wo ọrùn rẹ̀," wọ́n ní. "Ọta yẹn ṣì wà níbẹ̀. Kò jù ú nù."

Wọ́n wọ bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí Ìyá Ìbejì ó dàárọ̀. Wọ́n ti dé géètì kí wọ́n tó yíjú padà.

"Èmi ju tèmi nù," wọ́n ní, wọ́n sì ré títì kọjá lọ sílé.